Akọrin Tí Wọ́n Fi Fíìmù Dá Lẹ́jọ́

Gbóyèga, akọrin kan wà ní ìlú kan. Má bi mí ní orúkọ ìlú náà, kò ní ṣe ọ́ láǹfààní. Fa àga yẹn súnmọ́ mi, má sì já lu ọ̀rọ̀ mi títí n ó fi parí, torí pé inú ń bí mi lónìí, mi ò sì fẹ́ pariwo.

Obìnrin ni akọrin náà. Òun ló ń ronú orin rẹ̀, òun ló ń kọ ọ́ sínú ìwé, òun náà ló ń fi gìtá sí i. Kò sí ilé iṣẹ́ orin kankan lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ọ̀gá tó ń sọ ohun tí yóò wọ̀ fún un. Orin ìgbàlódé ni, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń jó sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe játijàti. Ó kọrin nípa àwọn tó ń dúró de lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tí kò dé. Ó kọrin nípa ọmọ tó ń sun oorun àkọ́kọ́ nílé onílé. Àwọn àgbàlagbà pàápàá ń mi orí sí i bí wọ́n bá rò pé ẹnikẹ́ni ò wo àwọn.

Ìyá rẹ̀ ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé. Opó ni, òun nìkan ló tọ́ ọmọ náà. Inú yàrá ìránṣọ rẹ̀ ni ọmọ ti ń gba orin sílẹ̀, nítorí pé àwọn aṣọ ilé ìwé tí wọ́n fi kọ́ yí ògiri ká kì í jẹ́ kí ohùn máa dún padà. Bí ọmọ bá fẹ́ kọrin, yóò na ọwọ́ sókè, ìyá yóò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí orin bá parí, ìyá yóò sọ tẹnu rẹ̀.

"Ìlà kejì yẹn gùn jù. Ẹni tó ń jó ò ní lè mí."

Ọmọ yóò gé e kúrú. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà.

Nígbà tó gbé orin àkọ́kọ́ lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, wọ́n bi í pé ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ìyá òun ni. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ó padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì gbé orin náà sáfẹ́fẹ́ kí ó lè fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Orin náà mú. Kí ọdún tó parí, àwọn ọmọdé ti ń kọ ọ́ lójú ọ̀nà ilé ìwé. Ìjọ ìlú náà, tí kì í fẹ́ gbọ́ orin ìta sétí, ní kó wá kọrin níbi ìkórè. Gbogbo ìlú wá di ìbátan rẹ̀. Ẹni tí kò fún un lómi mu rí ń sọ pé ọ̀dọ̀ òun ló dàgbà sí. "Ọmọ wa" ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó ń ṣe fíìmù wá láti ìlú mìíràn. Kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ti gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn orin náà, ó sì fẹ́ fi í sínú fíìmù rẹ̀. Ó ní kí akọrin náà wá kópa nínú fíìmù ọ̀hún pẹ̀lú, kí àwọn èèyàn lè gbọ́ orin, kí wọ́n sì rí ojú ẹni tó kọ ọ́. Fún ẹni tó ń dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, tí kò sẹ́ni tó ń bá a polówó, àǹfààní ńlá ni. Ó sì ti fẹ́ràn eré ṣíṣe láti kékeré.

Ọmọbìnrin kan tó rí towó ṣe ni wọ́n ní kó ṣe. Ọmọ náà ń tijú ìyá rẹ̀, ó sì lé e jáde nílé lọ́jọ́ òjò. Ìkà èèyàn ni. Akọrin náà béèrè pé kí ló dé tí òun ò lè ṣe èèyàn rere. Olùdarí fíìmù náà dá a lóhùn pé ẹni tó bá lè mú kí àwọn tó ń wòran kórìíra òun fún wákàtí méjì ló mọ eré ṣe. Lóòótọ́ ló sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fẹ́ràn ọkùnrin náà.

O mọ bí àwọn tí kò lówó ṣe ń ya fíìmù. Wọn kì í háyà ilé. Ilé ẹnikẹ́ni tó bá gbà ni wọ́n ń lò, aṣọ tí kálukú ní nílé ló sì ń wọ̀ wá. Ilé ìyá akọrin náà ni wọ́n yàn, nítorí pé ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ àti ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tó lẹ́wà lójú kámẹ́rà. Wọ́n ti bá òṣèré àgbà kan sọ̀rọ̀ pé kó wá ṣe ìyá. Títí di ọ̀sán kò dé. Ìròyìn tó kàn wọ́n ni pé ó wà níbi fíìmù mìíràn, kò sì lè wá mọ́. Olùdarí fíìmù ká ọwọ́ lérí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ bá bọ́ sára ìyá tó jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ ò ní bá wa ṣe é?"

Ìyá ní láéláé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó béèrè pé kí ni òun máa sọ gan-an.

Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin méjì gun òrùlé lọ pẹ̀lú rọ́bà omi, wọ́n sì ń da omi sílẹ̀ láti òkè. Akọrin náà ní láti di ìyá rẹ̀ lápá mú, kó tì í jáde, kó sì ju ẹrù tẹ̀lé e. Nígbà àkọ́kọ́, kò lè ṣe é. Ó ń fọwọ́ kan ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń kó ẹyin. Ìyá ló bínú. Ó yọ orí jáde láti inú omi.

"Tì mí! Àbí o ò jẹun láàárọ̀ ni? Irú títì wo nìyẹn?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi tán nínú táǹkì, wọ́n sì ní láti lọ pọn òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣe é kí ìyá tó ní ó tó. Nígbà kẹrin yẹn, ó sunkún dáadáa, ó sì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó kúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ọmọ nù ún gbẹ, ó se omi gbígbóná fún un, ó sì fi òróró wọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ìyá fi fọ́nnu fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun náà ti di òṣèré.

Fíìmù náà jáde. Ìlú kó ara jọ láti wo ọmọ wọn. Wọ́n rí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tí wọ́n mọ̀. Wọ́n rí ìró tí ìyá máa ń ró lọ sí ìsìn Ọjọ́rú. Wọ́n rí ìyá gan-an, ìyá tó bí i lọ́mọ, nínú ẹrẹ̀ níwájú ilé ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì dúró lé e lórí. Lẹ́yìn náà ẹnìkan pòṣé, òmíràn pòṣé, ó sì di ohun tí gbogbo wọn jọ ń pòṣé sí.

O lè ní kí n fojú fo ọ̀rọ̀ wọn. O lè bi mí pé ta ló máa rí ilé gidi àti ìyá gidi tí kò ní rò pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Mi ò ní fojú fò ó. Ìyá ti sọ fún ìdajì ìlú kí fíìmù náà tó jáde. Wọ́n mọ̀ pé eré ni. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé, nítorí pé ó dùn mọ́ wọn láti bínú sí ẹni tó ń gòkè. Wọ́n tilẹ̀ wá àlàyé fún un. Wọ́n ní bí kò bá sí nínú rẹ̀, kò ní lè ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Ṣé o gbọ́ nǹkan? Iṣẹ́ tó ṣe dáadáa ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Ká ní ó ṣe é bàjẹ́ ni, "ọmọ wa" ni wọn ì bá ṣì máa pè é títí dòní.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́kadà kọ̀, kò gbé e. Olùkọ́ tó kọ́ àwọn ọmọ ní orin rẹ̀ ní kí wọ́n má kọ ọ́ mọ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò, ẹni tó máa ń pè é ní àbúrò mi, sọ pé òun ò ní fi orin ọmọ tó lu ìyá rẹ̀ dí àwọn olùgbọ́ òun létí. Títì ti di lílù. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti ń sọ pé egungun ìhà ìyá dá sí méjì. Ìjọ kọ lẹ́tà sí akọrin náà pé kó má wulẹ̀ wá kọrin ìkórè lọ́dún yẹn, kó lọ ronú pìwà dà ná.

Ìyá ò lè gbà á mọ́ra. Ó wọ bàtà, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé.

"Eré ni. Èmi gan-an ni mo ní kó tì mí dáadáa."

Wọ́n á mi orí, wọ́n á wo ara wọn lójú. Bó bá ti jáde, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí bí ìyá ṣe ń bo ọmọ láṣìírí." Nígbà tó bínú tó pariwo, wọ́n ní ìrònú ti fẹ́ dà á lórí rú. Nígbà tó dákẹ́, wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un. Wọ́n gbé iṣu wá láti fi ṣàánú rẹ̀. Ó dá iṣu náà padà. Wọ́n ní ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ ló ń bà á tí kò fi lè gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ èèyàn. Sọ fún mi, Gbóyèga, kí ni obìnrin yìí ì bá ṣe? Ibo ni ì bá gbà láti já ọmọ rẹ̀ gbà lẹ́nu wọn?

Ó ránṣẹ́ sí olùdarí fíìmù náà pé kó wá dúró níwájú ìjọ, kó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Ọkùnrin náà ní òun ń bọ̀. Kò wá. Ẹnìkan tó bá a sọ̀rọ̀ ní ó sọ pé ariwo yẹn ń jẹ́ kí àwọn èèyàn túbọ̀ máa wá fíìmù òun wò. Mo ti gbàdúrà kí n lè dárí ji irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì rí i ṣe.

Akọrin náà kó lọ sí ìlú ńlá. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀. Ó yá yàrá kékeré kan, ó ń kọ orin rẹ̀, òun náà ló ń gbé e káàkiri. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn ń wá gbọ́ ọ, wọ́n sì ń pè é sí fíìmù. Ó ṣe adájọ́ nínú ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó gbé ẹjọ́ wá bá a. Ó ṣe nọ́ọ̀sì nínú òmíràn. Kò sẹ́ni tó ní kó gún òun lábẹ́rẹ́. Ìkà tó ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìkan ni àwọn ará ìlú rẹ̀ gbà pé ó jẹ́ lóòótọ́.

Àràárọ̀ ló ń pe ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìyá kọ̀ jálẹ̀.

"Bí mo bá fi ilé yìí sílẹ̀, wọ́n á ní o ti lé mi jáde tán. Ibí ni mo máa jókòó sí títí ojú á fi tì wọ́n."

Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí i pé ẹnikẹ́ni ò lé òun. Inú oòrùn, inú ọyẹ́, ibẹ̀ ló wà. Bí ọmọ bá wá kí i, àwọn èèyàn á jáde síta láti ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bó bá di ìyá lápá mú kí ó má baà kọsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹnìkan á pariwo láti òdìkejì ọ̀nà pé kó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ò tì wọ́n o. Ọdún méjì ni obìnrin yẹn fi jókòó síta nítorí orúkọ ọmọ rẹ̀, ojú ò ti ẹnì kan nínú wọn.

Ní ọdún kejì náà, ó ṣubú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún rẹ̀ ò gbé mọ́, ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Àwọn obìnrin àdúgbò ló gbé e dé ọsibítù. Mi ò ní fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n: wọ́n sáré, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì pín ọjọ́ láàárín ara wọn láti máa tọ́jú rẹ̀. Bí ìyá ṣe ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, nǹkan kan ṣoṣo ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni. Olórí àwọn obìnrin náà ló mú fóònù ìyá lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀rù ọmọ yẹn ṣì ń bà á títí dórí àìsàn yìí." Fóònù dún. Ó wo orúkọ ẹni tó ń pè. Ó pa fóònù náà, ó sì jù ú sínú báàgì.

Ọjọ́ méjì gbáko ni akọrin náà fi pe ìyá rẹ̀ tí kò gbọ́ ohùn. Ní ọjọ́ kẹta, ó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Bàbá arúgbó kan ní ilé kejì, tí kò wo fíìmù rí láyé rẹ̀, ló júwe ọsibítù fún un. Ó dé ibẹ̀ láago mẹ́wàá. Àwọn obìnrin mẹ́rin jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Bí wọ́n ṣe rí i, wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fi ara dí ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin màmá mi, ìyá mi ló wà níbẹ̀ yẹn."

Wọ́n ní àwọn mọ̀.

Ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Omi ń dà lójú rẹ̀, imú rẹ̀ ń ṣàn, kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan já gaara. Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí èkejì, ó ní, "Ẹ wò ó, ó tún ti ń ṣe eré."

Ẹ gbà mí o! Nígbà tó ń ṣe eré, wọ́n ní òótọ́ ni. Ó wá ń sunkún tòótọ́, wọ́n ní eré ni. Irú ojú wo ni wọ́n fi ń wo ọmọ èèyàn? Nọ́ọ̀sì kan jáde. Ọ̀dọ́ ni, òun náà ti wo fíìmù yẹn. Ó ní àsìkò ìbẹ̀wò kò tíì tó. Láti ìdájí ló sì ti ń jẹ́ kí àwọn èèyàn wọlé, ẹni tó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá àti ẹni tó kàn wá wo bí ẹnu aláìsàn ṣe wọ́.

Akọrin náà dìde. Ó yí sẹ́yìn wọ́ọ̀dù, níbi tí fèrèsé wà. Fèrèsé náà ga, kò lè yọjú wò ó. Ó pe ìyá rẹ̀, kò gbọ́ ìdáhùn. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, ọ̀kan nínú àwọn orin tí àwọn méjèèjì jọ tò, kí ìyá lè mọ̀ pé òun ti dé. Àwọn obìnrin mẹ́rin náà gbọ́. Olórí wọn ní kí wọ́n má jẹ́ kí aláìsàn gbọ́ ohùn yẹn, pé yóò gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Gbogbo wọn bá jáde, wọ́n yí sẹ́yìn, wọ́n dúró sábẹ́ fèrèsé kan náà, wọ́n sì dá orin ìyìn sókè. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ẹ̀mí mímọ́ ni wọ́n ń pè, Gbóyèga. Ẹ̀mí mímọ́ ni wọ́n ń pè láti fi dí ìyá létí kó má gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ẹnìkan ò lè fi ohùn borí èèyàn mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ karùn-ún, ohùn akọrin náà ti há.

Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn jẹ́ àlejò nílùú náà. Ó wọ wọ́ọ̀dù wá, ó rí i pé kò sẹ́nì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn náà. Ìyá ti yí ojú sí apá fèrèsé. Dókítà fọwọ́ kàn án, ó rí i pé ìyá ti kọjá lọ. Ó jáde sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n dákẹ́, ó sì béèrè pé ta ni ọmọ rẹ̀ nínú wọn. Àwọn obìnrin náà yíjú sí akọrin náà. Ìka ni wọ́n fi nà án.

Wọ́n sunkún. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n sunkún gidi, méjì nínú wọn yí nílẹ̀. Akọrin náà ò bú wọn. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan.

"Kí ni màmá mi sọ kẹ́yìn?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Gbogbo wọn ló wà níta tí wọ́n ń kọrin.

Mo rí i pé o ń nu ojú. Fi ojú yẹn sílẹ̀. Mi ò sọ ìtàn yìí kí o lè sunkún lórí obìnrin tí o kò mọ̀. Mo sì rí i pé o fẹ́ sọ pé Ọlọ́run yóò bi àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn. Bóyá yóò bi wọ́n. Mi ò rán ọ níṣẹ́ sí wọn. Ìwọ ni mo ń bá wí.

Ọmọ rẹ Morádékẹ́ ń kọ orin tirẹ̀, ó sì ń ṣe eré, kò sẹ́ni tó ń bá a gbé e. Nínú fíìmù rẹ̀ tó jáde lẹ́yìn ọdún Kérésì, ó ṣe aṣẹ́wó. O wò ó dé ìdajì, o pa fóònù, o ní o ò lọ́mọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó rẹ, tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ yẹn ti dé ẹnu géètì rẹ pẹ̀lú oúnjẹ lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ní kí wọ́n má ṣí i fún un. Ìyàwó rẹ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá. Lẹ́yìn náà lo wá sọ́dọ̀ mi lónìí, o ní kí n bá yín gbàdúrà kí ara ìyàwó rẹ lè yá. Mi ò gba àdúrà kankan. Àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn náà gbàdúrà.

Wọ́n tilẹ̀ sàn jù ọ́ lọ. Àwọn ò ṣe eré rí, wọ́n lè ní àwọn ò mọ bó ṣe ń rí. Ìwọ ńkọ́? Ọdún mẹ́tàlá lo fi ṣe Júdásì lọ́jọ́ Ẹtì Rere nínú ìjọ yìí. Èmi ni mo yàn ọ́, èmi ni mo kọ́ ọ. O ṣe é débi pé àwọn ọmọdé ń sá fún ọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dún kan, ìyá arúgbó kan bọ́ bàtà, ó jù ú lù ọ́. O rẹ́rìn-ín, o sọ fún mi pé ìyẹn ni ìyìn tó dùn mọ́ ọ jù lọ. O fi ẹnu ko Olúwa wa lẹ́nu lójú gbogbo ìjọ, o na ọwọ́ gba ọgbọ̀n owó fàdákà. Ní Ọjọ́ Àjíǹde, o wọ aṣọ funfun wá síbi oúnjẹ Olúwa. Ta ló ní kí o dìde kúrò níbẹ̀? Nígbà tí a sì ń wá akápò, ta ni a fi ṣe é? Júdásì wa náà la kó àpò owó fún, Gbóyèga, ó sì wà lọ́wọ́ rẹ títí di òní olónìí, torí pé kò sí ẹnìkan nínú wa tí kò mọ̀ pé eré ni.

Ọmọ rẹ wà lẹ́nu géètì rẹ báyìí. Èmi ni mo ní kó lọ dúró síbẹ̀. Gba ilé lọ, kí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣí i. Bí mo bá gbọ́ pé o rán ẹlòmíràn láti ṣí i, má wá sọ́dọ̀ mi mọ́.